Títọ ipasẹ̀ bàbá ńlá wa ní Òkè Ọya: orúkọ wo ni mo ń wá nínú ìwé ìjọba?

Ọmọ Ìyẹ̀rú (Kubwa, Àbújá)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ń wá ìtàn bàbá tó bí bàbá àgbà mi. Ọ̀fà ni ilé wa, ṣùgbọ́n ìran wa ti ń gbé Òkè Ọya láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti kúrò nílé, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé Kàdúná ni wọ́n bí bàbá mi sí, tí èmi náà sì ń gbé Àbújá báyìí. Ohun tí wọ́n sọ fún wa láti kékeré ni pé ó bá rélùwéè lọ nígbà tí ojú irin dé Ọ̀fà ní 1908, pé ó ṣiṣẹ́ ní Zungeru, àti pé àrùn lúkúlúkú (influenza) ti 1918 ni ó pa á. Àkànní ni gbogbo ilé mọ̀ ọ́n sí, kò sì sí ẹni tó lè sọ orúkọ mìíràn fún mi.

Mo lọ sí Ilé Àkójọ Ìwé Àtijọ́ ti Orílẹ̀-èdè ní Kàdúná lóṣù tó kọjá. Mo ní mo ń wá Àkànní tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Zungeru. Wọ́n fi sùúrù gbọ́ mi, wọ́n sì gbé ìwé atọ́ka kalẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n àkọlé fáìlì ni mo rí níbẹ̀, n kò rí orúkọ ènìyàn. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó, n kò sì rí Àkànní kankan.

Ohun tó kù lọ́wọ́ wa kò pọ̀. Àpótí kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ọ̀fà, tí owó fàdákà ńlá kan àti lẹ́tà kan tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwé ìfẹ̀yìntì bàbá àgbà mi náà wà, tó sọ pé 1921 ni wọ́n bí i. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àgbà Tíṣà (Kàdúná)

Ẹ kú ìrìn-àjò, àbúrò mi. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti jókòó sí yàrá ìkàwé tí ẹ ń wí yẹn ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ méjì yẹn dùn yín. Ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé ni kò bá ilé náà mu, nítorí pé ẹni tó to àwọn ìwé wọ̀nyẹn kò ro ti ọmọ tí yóò wá bàbá rẹ̀ rárá. Bí wọ́n ṣe jáde láti ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe tò wọ́n. Èyí tó ti ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba Àríwá wá ni wọ́n kó sábẹ́ SNP: ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú SNP 7 jẹ́ ti ìgbà tí wọn kò tíì so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù ní 1914, SNP 10 tẹ̀lé e, SNP 17 sì ni ti àwọn ọdún tó tún tẹ̀lé ìyẹn. Ìwé ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ ìgbèríko kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀: ZarProf fún Zaria, IlorProf fún Ìlọrin, LokoProf fún Lọ́kọ́jà, KanoProf fún Kánò.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè ibi tí wọ́n kọ orúkọ bàbá ńlá yín sí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè kan ọ́fíìsì wo, ní nǹkan bí ọdún wo, nítorí kí ni. Ẹni tó tọ ìjọba lọ nítorí ilẹ̀, tàbí nítorí ẹjọ́, gbèsè tàbí ẹ̀bẹ̀, ni orúkọ rẹ̀ máa ń bọ́ sínú ìwé. Ẹni tó rọra ṣiṣẹ́ rẹ̀, tó san owó orí rẹ̀, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, kì í sábà sí níbẹ̀, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ènìyàn rere tó. Rélùwéè náà kò yàtọ̀: akọ̀wé tó ń gba owó oṣù lè jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba tí wọ́n ń pè ní Gazette, ṣùgbọ́n lébìrà tó ń ru irin kò lè jáde níbẹ̀.

Ìbéèrè kan péré ni mo ní fún yín. Kí ni wọ́n kọ sára owó fàdákà yẹn? Fàdákà ńlá tí wọ́n tọ́jú sínú àpótí fún ọgọ́rùn-ún ọdún láìná an ń ṣe mí ní kàyéfì.

Akọ̀wé Minna

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Àgbà Tíṣà pé kí ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ètò ìkànìyàn 1911, 1921 àti 1931. Iye ènìyàn ni wọ́n tẹ̀ jáde, wọn kò tẹ orúkọ, eéṣú tó bo ilẹ̀ lọ́dún 1931 tilẹ̀ tún dí ti ọdún náà lọ́wọ́. Mo ti fi oṣù kan gbáko ṣe wàhálà yìí rí kí ẹnì kan tó là mí lóye.

Lọ́yà Gwarinpa

Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan kan sì ń gún mi lójú. Ẹ ní 1918 ni bàbá ńlá yín kú, ẹ sì ní 1921 ni wọ́n bí ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti ṣìnà. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìwé ìfẹ̀yìntì náà, nítorí gbogbo wa la mọ bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń bu ọjọ́ orí wọn kù nígbà tí wọ́n bá ń wá iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n á lọ búra ní kóòtù, tí ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìbúra náà á sì di ọjọ́ ìbí wọn títí ayé. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe bákan náà kí ó jẹ́ ìtàn ikú náà ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe gba ọ̀kan gbọ́ ju ìkejì lọ nítorí pé inú ìwé ni ó wà, ẹ má sì ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹnu àgbà ni ó ti jáde.

Ọmọ Ìyẹ̀rú (Kubwa, Àbújá)

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi lórí fóònù, ọmọ rẹ̀ sì ya àwòrán ohun tó wà nínú àpótí náà ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe owó. Orí ọba òyìnbó kan wà ní ojú kìíní, ọkùnrin oníhòòhò tó gun ẹṣin sì wà ní ojú kejì pẹ̀lú 1914 àti 1918. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní nítorí ọkùnrin oníhòòhò yìí ni ìyá àgbà wa ṣe dì í mọ́ inú aṣọ, tí kò jẹ́ kí ọmọdé kankan fọwọ́ kàn án, èyí tó jẹ́ pé bóyá òun ni kò fi sọnù. Ní etí rẹ̀, níbi tó tín-ín-rín, wọ́n tẹ nọ́ńbà kan, wọ́n tẹ SULE OFFA tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà NIGERIA R.

N kò gbọ́ orúkọ yìí rí láyé mi. Nígbà tí mo kà á fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní: "Sulaimọ̀nù ni orúkọ tí àlùfáà fi sọ ọ́. Ta ló tún ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé?" Ó lé ní ọgọ́rin ọdún, ó mọ orúkọ náà láti ọjọ́ yìí wá, kò kàn sí ẹni tó bi í ni.

Àgbà Tíṣà (Kàdúná)

Ẹ kú oríire. Mẹ́dà ogun ni, British War Medal tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó sìn nínú ogun àgbáyé kìíní, tí wọ́n sì máa ń tẹ nọ́ńbà ológun, orúkọ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ sí etí rẹ̀. Nigeria R. dúró fún Nigeria Regiment, ẹ̀ka kan nínú West African Frontier Force, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣójà ni bàbá ńlá yín. Ó ṣeé ṣe kí ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ rélùwéè lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ogun ni ó gba orúkọ sílẹ̀ fún un. Zungeru tí wọ́n ń dárúkọ nílé yín náà kò jìnnà sí òtítọ́, nítorí pé kì í ṣe ìlú ojú irin lásán: òun ni olú-ìlú Àríwá láti 1902 kí ìjọba tó kó wá sí Kàdúná, àwọn ọmọ ogun sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Nnamdi Azikiwe sí ní 1904, nítorí pé akọ̀wé ni bàbá rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun yìí kan náà.

Ní ti bí Àkànní ṣe di Sule Offa, ẹ fi ojú inú wo akọ̀wé ológun tó jókòó sídìí tábìlì, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tò sí iwájú rẹ̀ láti gba iṣẹ́. Sule mélòó ni yóò kọ láàárọ̀ ọjọ́ kan? Audu mélòó? Nítorí náà, ìlú tí ẹni náà bá ní òun ti wá ni wọ́n máa ń fi ṣe orúkọ kejì fún un, tí ẹ óò fi máa rí Momo Ilorin, Audu Kano, Ojo Ibadan nínú ìwé wọn bí ẹni pé orúkọ bàbá wọn ni. Oríkì tí ìyá fi ń pe ọmọ kò ní iṣẹ́ lórí tábìlì yẹn. Bí ẹ bá fi ogún ọdún wá Àkànní, ẹ kò ní rí i.

Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 títí tí àwọn Jámánì tó sá gun òkè Mora fi túúbá ní oṣù kejì 1916. Ní òpin ọdún náà ni wọ́n kó ẹgbẹ́ ńlá kan nínú wọn lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ja ìjà Mahiwa ní oṣù kẹwàá 1917, ìjà tó gba ẹ̀mí púpọ̀, wọ́n sì padà délé ní 1918. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an ni lúkúlúkú gba èbúté Èkó wọlé, tó sì bá ojú irin gòkè. Bí ó bá kú nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun dé ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Lọ́yà kò tíì ní ìdáhùn.

Alfa Ilé-Kéwú (Kánò)

As-salāmu alaykum. Ẹ jẹ́ kí n ta yín lólobó lórí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ. Akọ̀wé tó gbọ́ Haúsá yóò kọ Sule tàbí Sulemanu, akọ̀wé tó ti Èkó wá lè kọ Sulaimon tàbí Sulemana, òyìnbó yóò sì kọ ohun tí etí rẹ̀ bá mú. Ẹ wá gbogbo rẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún Affa. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n fi Affa kọ àáfà, ìyẹn ẹni tó mọ kéwú, nítorí náà Sule Affa nínú ìwé kan lè jẹ́ àáfà ará Bídà tí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà Ọ̀fà. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti fi ajami, ìyẹn Haúsá tàbí Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, kọ orúkọ náà, ẹ ya àwòrán rẹ̀ wá, n óò bá yín kà á, nítorí lẹ́tà Lárúbáwá máa ń fi hàn bóyá Ọ̀fà ni tàbí àáfà.

Ọmọ Ìyẹ̀rú (Kubwa, Àbújá)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì lọ sí Ọ̀fà, mo sì tún gba Kàdúná kọjá.

Lẹ́tà tí ikán jẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, láìsí àmì ohùn, pẹ̀lú "shugbon" àti "enyin" bí àwọn ará ìgbà náà ṣe ń kọ ọ́, ọwọ́ náà sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà pé ó sanwó fún akọ̀wé lẹ́tà ni. Ọdún tó wà lókè rẹ̀ ti bá ikán lọ, ṣùgbọ́n Zaria hàn ketekete, nọ́ńbà pílọ́ọ̀tì kan ní Sábóngàrì, àdúgbò àwọn àlejò níbẹ̀, sì tẹ̀lé e. N kò ní kọ nọ́ńbà náà síbí nítorí pé àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀ títí dòní. Ó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ ní Ọ̀fà pé kí ó fi ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ sí òun, nítorí pé òun ti ní ilé báyìí, òun sì ti fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Ìgbà tí mo kà á dé ibi "ọmọbìnrin náà" ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ fún mi pé bàbá àgbà mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, pé Ọ̀fà ni wọ́n ti tọ́ ọ nítorí pé lúkúlúkú pa ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni lúkúlúkú pa! Láti ẹnu dé ẹnu, ikú ìyàwó ti di ikú ọkọ, nítorí pé kò sí ẹni tó rántí orúkọ obìnrin náà mọ́, ọkùnrin nìkan ni wọ́n ṣì ń dárúkọ.

Pẹ̀lú ìyẹn, mo padà sí Kàdúná, mo sì béèrè ZarProf dípò SNP. Ní ọjọ́ kẹta, nínú fáìlì kan tó dá lórí ọ̀rọ̀ Sábóngàrì, mo rí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn Yorùbá ibẹ̀ kọ sí ajẹ́lẹ̀, pé kànga tí wọ́n ní kò tó wọn, kí ìjọba jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ sí i. Ó lé ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn lúkúlúkú tí wọ́n kọ ọ́. Orúkọ wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìlà méjì, ẹni tó mọ̀wé fọwọ́ sí i, ẹni tí kò mọ̀wé tẹ̀ka. Ẹnì kan nínú àwọn tó tẹ̀ka ni Sule Offa, wọ́n sì kọ pé oníṣòwò ni. Mo jókòó ti ìka náà fún ìgbà pípẹ́. Ìlà ara àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì hàn nínú yíǹkì náà, àyàfi apá kan tí kò mú dáadáa.

Lọ́yà Gwarinpa

Inú mi dùn fún yín, àǹtí mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣe ọ̀tá fún ìṣẹ́jú kan. Àgbà Tíṣà ti sọ ìdí tí Sule fi pọ̀, àwọn ará Ọ̀fà sì pọ̀ ní Zaria. Ṣójà ni Sule Offa inú mẹ́dà, oníṣòwò ni Sule Offa inú ìwé ẹ̀bẹ̀. Kí ni yóò jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹnì kan náà ni? Mo ti rí ìdílé tó kọ ìtàn bàbá wọn jáde, tí wọ́n ná owó púpọ̀ sórí rẹ̀, tó wá jẹ́ pé ọkùnrin méjì ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n fi ṣe bàbá kan. Orúkọ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ wá ohun kejì tí kì í ṣe orúkọ.

Ìyá Sábóngàrì (Zaria)

Ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ rẹ láti ọjọ́ yìí, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Zaria ni wọ́n bí mi sí, Zaria ni mo sì ti darúgbó. Òótọ́ ni ẹni tó ń ṣe lọ́yà sọ, ṣùgbọ́n kò gbé ibí rí. Ní Sábóngàrì, pílọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń mọ ènìyàn. Ilẹ̀ kì í ṣe tìrẹ, ìjọba ló ni ín, nọ́ńbà pílọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ rẹ, òun náà ni wọ́n fi ń wá ọ bí wọ́n bá fẹ́ pè ọ́ lẹ́jọ́. Ẹni tó bá kọ̀wé sí ajẹ́lẹ̀ lórí kànga kò ní ṣàìkọ nọ́ńbà tirẹ̀, nítorí báwo ni ajẹ́lẹ̀ yóò ṣe mọ ibi tí omi kò ti tó? Padà lọ wo ìwé náà, kí o wo ẹ̀gbẹ́ orúkọ dáadáa.

Ti pé ṣójà ni, ti pé oníṣòwò ni, kò le rárá. Ẹni tí wọ́n bá ti yọ níṣẹ́ ogun, kí ni ìwọ rò pé yóò ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo bá láyé, bí wọ́n ṣe bọ́ aṣọ ìjọba ni wọ́n gbé igbá obì.

Ọmọ Ìyẹ̀rú (Kubwa, Àbújá)

Ẹ ṣeun, Màmá. N kò tilẹ̀ ní láti padà sí Kàdúná, nítorí pé mo gba ẹ̀dà ojú ìwé náà. Nọ́ńbà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mo ti rò pé akọ̀wé kan ń ka iye àwọn tó fọwọ́ sí i ni. Nígbà tí mo gbé ẹ̀dà náà sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà tí ikán jẹ, ọ̀kan náà ni nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sule Offa àti èyí tó wà lórí lẹ́tà tí Àkànní kọ sí àbúrò rẹ̀.

Lọ́yà, ṣé ìyẹn tó?

Lọ́yà Gwarinpa

Fún oníṣòwò inú ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ẹni tó kọ lẹ́tà, ó tó. Ẹnì kan ni wọ́n. Ti mẹ́dà, inú àpótí kan náà tí lẹ́tà wà ni wọ́n ti rí i, ẹ̀gbọ́n bàbá yín sì ti jẹ́rìí pé Sulaimọ̀nù ni, èyí tó mú kí n gbà á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ iwájú lè rí ọ̀nà.

Àgbà Tíṣà (Kàdúná)

Mo gbà pẹ̀lú Lọ́yà. Ohun kan ni ó kù lójú mi: ìyàwó àkọ́kọ́. Kò sí ìwé ìjọba tó máa ní orúkọ rẹ̀, ó dá mi lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n obìnrin bàbá àgbà yín bá bí ọmọ, ẹ wá àwọn ọmọ yẹn lọ kí wọ́n tó kú tán, nítorí pé ìran ìyá wọn ni, wọn yóò mọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀, bí wọn kò bá tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ọmọ Ìyẹ̀rú (Kubwa, Àbújá)

Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà láyé ní Ọ̀fà, bàbá arúgbó kan. N óò lọ rí i nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi ilé-ìwé. Màmá, ṣé ẹ lè bá mi wo ibi tí pílọ́ọ̀tì náà wà? Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ yín níkọ̀kọ̀.

Ìyá Sábóngàrì (Zaria)

A ti lọ síbẹ̀ lánàá. Bíríkì ni ilé náà báyìí, ilé ìtajà oògùn wà níwájú rẹ̀, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì mọ ẹni tó ní i kí àwọn bàbá tiwọn tó rà á. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ẹ̀yìnkùlé. Kànga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi kọnkéré bò lẹ́nu, tí wọ́n ń sá aṣọ lé lórí. N kò lè sọ fún ọ bóyá òun ni. Mo ti bá ìyáálé ilé náà sọ̀rọ̀, ó ní kí o máa bọ̀. Má ṣe wá lọ́jọ́ Jímọ̀, wọn kì í sí nílé. Ẹ̀dà lẹ́tà yẹn ni kí o mú wá, má gbé ojúlówó rẹ̀ sọ́nà.